Ooru Inú Àpótí Pune

உ

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹrin

Lẹ́tà àwọn oníbàárà wa ní Pune dé láàárọ̀. Àpótí alumíníọ́mù tí a fẹ́ máa dà fún wọn, èyí tí pátákó iná tó ń darí ẹ̀rọ omi oko máa ń gbé inú rẹ̀, tẹ́ wọn lọ́rùn. Iye tí a pè é náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun títí a ó fi kọ ìròyìn ooru ránṣẹ́: bí ìta bá gbóná dé dígírì 45, tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́ rárá, ohun tó gbóná jù nínú àpótí kò gbọdọ̀ kọjá 85. Ọjọ́ ìkẹyìn ni 12 Oṣù Karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ẹlòmíràn wà ní Rajkot.

Gokul, ẹnjiníà wa tó mọ irú ìṣirò yìí, ti ríṣẹ́ sí Bengaluru láti ìgbà ọdún Pongal ní oṣù kìíní. Sọ́fúwíà rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì máa ṣiṣẹ́ títí di Oṣù Kẹfà. Appa, bàbá mi tó ń darí ilé iṣẹ́ ìdàrin wa, ní kí n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ọ̀mọ̀ràn tó wà ní Peelamedu. Mo pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń bèèrè. Mo ní mo fún wọn ní mẹ́ta. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ooru kì í gbọ́ àṣẹ. Mo pa fóònù.

Mo sọ fún Appa pé èmi ni màá ṣe é. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní mo fẹ́ wa lọ́ọ̀rì.

"Poongothai, ìwé òwò lo kà. Ooru ò sí nínú ẹ̀."

Mo ní ètò wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí sì wà nínú ẹ̀.

Ààrò kejì ti tutù láti oṣù kìíní. Nachimuthu Anna, olórí àwọn tó ń yọ́ irin, àtàwọn ọkùnrin mẹ́fà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀. Àpótí yìí nìkan ló lè tan ààrò yẹn. Mo ti ṣèlérí fún un lójúkojú pé a ó tan án kí òjò tó dé. Èmi kì í sọ̀rọ̀ tán kí n tún wá gbé e mì.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin

Mo gba àwòrán àpótí lọ́wọ́ Ọ̀gá Subbarayan, ayàwòrán wa, mo fà á wọ inú sọ́fúwíà ooru. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Inú mi dùn fún odindi wákàtí kan. Ìgbà tí mo wọn gígùn rẹ̀ ni mo rí i pé ó jẹ́ mítà ọ̀ọ́dúnrún lé ogún. Àpótí tí mo lè gbé lé itan.

Mo pe Gokul. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Akka, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé pápákọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ kọ́ ni?" Ó ní mìlímítà ni àwòrán wa ń sọ, mítà ni sọ́fúwíà ń gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí n ti ṣe ògbufọ̀ fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Mìlímítà 320. Àpótí ti gba orí tábìlì. Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹrin

Kí sọ́fúwíà tó lè ṣírò ooru, ó gbọ́dọ̀ da àwọ̀n bo gbogbo irin, kó gé e sí wẹ́wẹ́. Mo ní kó da á. Wákàtí márùn-ún ló fi ń da á, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà kú. Mo ní kó tún un dà. Ó tún kú.

Gokul ní gbogbo ohun tínńtínní tó wà nínú àwòrán ló ń fa àwọ̀n ya: ẹsẹ̀ sukúrúù, orúkọ ilé iṣẹ́, gígé etí ihò. Ooru ò mọ̀ wọ́n, kí n kó wọn dànù. Mo kó ohun igba ó lé méjìlá dànù kí n tó jẹun ọ̀sán. Ọ̀gá Subbarayan kọjá lẹ́yìn mi, ó rí i, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ẹsẹ̀ sukúrúù wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òun fi ọwọ́ òun fà á. Mo ní mo mọ̀, mo tún pa mẹ́rin rẹ́.

Àwọ̀n náà ti dúró. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré. Ìrẹsì ẹlẹ́wà tí Amma, ìyá mi, gbé wá ti tutù, mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dùn.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin

Ọdún tuntun tiwa. Amma ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lónìí, bí èèyàn bá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọdún ló ń parí rẹ̀. Mo jẹ máńgòrò àti òdòdó dongoyárò kíkorò tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún, mo sì gbé kọ̀ǹpútà wọ yàrá. Ó wù mí kí n parí ọdún bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹrin

Mo ti sọ fún sọ́fúwíà ohun tí irin kọ̀ọ̀kan jẹ́, mo ti sọ iye ooru tí pátákó iná inú rẹ̀ ń tú jáde, wáàtì 46, mo ti sọ pé ìta jẹ́ 45. Mo tẹ ẹ́. Àwòrán jáde, pupa láàárín, búlúù létí, ó rẹwà bí aṣọ ìyàwó. Ibi tó pupa jù: 143.

A nílò 85.

Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé ìpinnu tó yá sàn ju èyí tó dára. Eyín ẹ̀yìn àpótí, àwọn tó tò bí eyín ìyarun tí wọ́n ń lé ooru jáde, gíga wọn jẹ́ mìlímítà 25. Mo pe káfíńtà pé kó gbẹ́ àwòṣe tuntun, èyí tí a fi ń tẹ iyanrìn kí a tó da irin sí i, eyín 40. Igi tíìkì ló fẹ́. Mo ní kó rà á. Appa ní ṣé kò yẹ kí n kọ́kọ́ ṣírò eyín 40 wò. Mo ní bí mo ti ń ṣírò ni òun náà á máa gbẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹrin

Eyín 40: dígírì 142.

Ẹyọ kan péré ló sọ̀. Àwòṣe ti dé, ó dán, ó wúwo, mo san owó rẹ̀, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ooru pọ̀ níta. Èso nungu olómi mẹ́fà ti di àádọ́ta rúpì lẹ́bàá ọ̀nà Avinashi, olówó ẹ̀ ò sì fẹ́ gbọ́ ìnájà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹrin

Nachimuthu Anna wọlé láti bèèrè nípa iyanrìn. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo àwòrán, mi ò lè lé e. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ yìí, wọn ò tíì bí mi nígbà náà.

"Ammani, kí ni pupa yìí?" Bí àwọn àgbà ibi iṣẹ́ ṣe ń pè mí nìyẹn.

Mo ní ibi tó gbóná nìyẹn.

"Búlúù ńkọ́?"

Mo ní ibi tó tutù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù tó ìta.

Ó sún mọ́ ọn. Òórùn èéfín ààrò wà lára aṣọ rẹ̀, ààrò kìíní. "Eyín ló tutù yẹn. Ẹ sì ní kí káfíńtà fi kún gígùn eyín."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ra ìyarun gígùn fún apárí nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín. "Bí iná bá ń jó, tí ìkòkò tutù, ìyàwó mi kì í lọ ra ìkòkò tó tóbi jù ú lọ. Á bẹ̀rẹ̀, á wo ìdí ìkòkò, bóyá ó jókòó lórí ààrò."

Ó ní òun á padà wá nítorí iyanrìn, ó jáde.

Mo wo búlúù náà fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ti ń wò ó. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò rí i.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

Mo rí i. Èmi ni mo rí i, Gokul kọ́.

Lábẹ́ pátákó iná, bàbà pẹlẹbẹ kan wà tó ń gba ooru. Ó yẹ kí bàbà yẹn jókòó pẹ̀lú ìdí rẹ̀ lórí ilẹ̀ àpótí, kó gbé ooru fún ilẹ̀, kí ilẹ̀ gbé e fún eyín. Mo wá ibi tí sọ́fúwíà ń kọ orúkọ ohun tó ń fara kan ara wọn sí. Bàbà àti ilẹ̀ àpótí kò sí níbẹ̀. Nínú àwòrán, bàbà náà léfòó. Ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan péré ni àlàfo náà, ṣùgbọ́n lójú sọ́fúwíà, àlàfo ni àlàfo. Ooru ò rí ọ̀nà gbà àfi ẹsẹ̀ mẹ́rin tí pátákó dúró lé.

Kí ló gbé bàbà sókè? Mo yọ ọ́ kúrò, mo wo ilẹ̀ àpótí, mo fà á sún mọ́ra, mo tún fà á. Ní igun kan, ohun kékeré kan yọ sókè, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́: ìlà tó ká bí ìkarahun ìgbín, tó na ìdí sọ́tùn-ún. Àmì Pillaiyar, òrìṣà olórí erin tí a kọ́kọ́ ń kí kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Èyí tí gbogbo ilé wa fi ń ṣí ìwé ìnáwó, ìwé ìpè ìyàwó, àti àkọsílẹ̀ ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹrin

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Ọ̀gá Subbarayan lórí ìjókòó rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn. Mo bi í pé ta ló ní kó fi Pillaiyar ṣe ìrọ̀rí fún bàbà mi.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ojú tí ẹ̀rọ máa bó kó lè tẹ́jú ni òun máa ń fi àmì náà sí, nínú gbogbo iṣẹ́, láti ọdún mọ́kànlélógójì. Ìgbà tí wọ́n bá da irin tán, ọ̀bẹ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á gé e kúrò. Oníbàárà ò ní rí i. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

Òótọ́ ni. Nínú irin gidi, kò sí àlàfo. Inú àwòrán nìkan ló wà, ìgbà tí ó sì gbé bàbà lé ilẹ̀ nínú àwòrán, orí àmì náà ló gbé e lé.

Mo ní ó ti dí èmi lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àti igi tíìkì kan. Mo ní kò yẹ kí wọ́n máa fi àdúrà pa mọ́ sínú iṣẹ́ ẹlòmíràn.

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òfìfo rí, Ammani." Ohun tó sọ nìyẹn. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó mú àpò oúnjẹ rẹ̀, ó lọ sílé. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni.

Appa gbọ́. Ó pè mí wọlé. "Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ. Ẹnu tó o fi sọ ọ́ ni ẹnu ọmọ tí ò nílé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹrin

Kò wá síṣẹ́.

Mo lè pa àmì náà rẹ́ fúnra mi nínú ẹ̀dà tèmi, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ṣùgbọ́n Pune fẹ́ kí àwòrán àti ìṣirò bára mu, kí ayàwòrán sì fọwọ́ sí méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù.

Mo jókòó láti to ohun tó kù láti ṣe. Mo ṣí ìwé yìí láti iwájú, kí n lè ka ọjọ́ bó ṣe lọ. Ojú ewé àkọ́kọ́, lókè pátápátá, ṣáájú lẹ́tà Pune: àmì náà. Ọwọ́ mi ni. Mi ò rántí pé mo kọ ọ́.

Mo lọ tú àpótí tí Amma kó ìwé ìdánwò mi sí. Ìwé ìṣirò, ìwé òfin, ìwé ètò ọjà. Ó wà lórí gbogbo wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹrin

Mo gun ọ̀kadà mi lọ sí Vadavalli kí oòrùn tó mú. Ìyàwó Ọ̀gá Subbarayan fún mi ní omi wàrà olómi tó ní ata àti iyọ̀. Ọ̀gá jáde wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ àforíjì sọ, n kò sì fẹ́ fi èyí tí kò dáa ṣòfò. Mo ṣí ìwé yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Ìdí tìẹ ti kúrú jù," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Ọ̀gá ní kí n jókòó, ó lọ gbé ìwé àti pẹ́ńsù, ó ya àpótí náà láìwo ibì kankan, ìlà rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí láyé mi. Ó ní, "Ibo ni ooru kì í gbà kọjá?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní láti wo ibìkan, mi ò ní láti pe Gokul. Mo fi ìka tọ́ igun inú ìdérí, ní apá ibi tí wáyà ń gbà wọlé. Mo ní níbẹ̀, kò sí irin tó fara kàn án, ooru ò ní iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi pẹ́ńsù ká àmì náà síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹrin

Ọ̀gá Subbarayan dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Àwòrán tuntun wọlé ní mẹ́wàá. Mo bi í bóyá mìlímítà ni kí n tó fà á wọlé, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bú.

Bàbà ti jókòó. Mo ṣí ibi tí wọ́n ń kọ ohun tó ń fara kan ara wọn sí, orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo da àwọ̀n. Mo fi eyín sí 25, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo tẹ ẹ́.

81.4.

Pupa ti di àwọ̀ ọsàn, eyín ti di yẹ́lò títí dé ṣóńṣó. Mo pe Nachimuthu Anna láti ìta wá wò ó. Ó ní, "Eyín ti ń ṣiṣẹ́." Mo ra kọfí fún gbogbo ilé iṣẹ́, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: mo mọ nǹkan tí mi ò mọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó gbé e fún mi nínú àwo.

Appa wò ó pẹ́. Ó ní àwòrán ni. Kí n fi irin hàn án.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n da àpótí kan láti inú àwòṣe àtijọ́. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ti ń bó ilẹ̀ rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ẹni tó wà ní iléeṣẹ́ iná lórí fóònù, kò ràn wá lọ́wọ́, ara mi sì fúyẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Kathiri bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí oòrùn kì í mọ ẹnikẹ́ni lójú. Ògì jéró àti àlùbọ́sà kékeré láàárọ̀. Ajá àdúgbò ti kó wọ inú gọ́tà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

A gbé àpótí sínú ààrò tí a ti ń yan ọ̀dà, a dín in kù sí 45. Ohun tó ń mú wáàtì 46 gbóná wà nínú rẹ̀ dípò pátákó Pune. Gírísì funfun tín-ín-rín wà láàárín bàbà àti ilẹ̀. Wáyà mẹ́fà tó ń wọn ooru jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn. Aago méje àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀.

Aago mọ́kànlá: 67. Kò lọ sókè mọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ààrò ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a lọ jẹun, ó dín sí 85 púpọ̀, kí ni mo tún ń wá.

Mo mú bírò. Mo gbọ́ ohùn kan tí mo ti ń gbọ́ láti àárọ̀ tí mi ò fetí sí: fáànù. Ààrò ọ̀dà ní fáànù nínú, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ káàkiri. Pune ní kò gbọdọ̀ sí afẹ́fẹ́. Àgbẹ̀ kankan kì í gbé fáànù síwájú ẹ̀rọ omi rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, màá ti kọ 67. Màá ti fi ránṣẹ́ kí kọfí tó tutù.

Mo ní kí wọ́n pa fáànù, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kùn. Nachimuthu Anna fà àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó, wọ́n bá dákẹ́. Wákàtí márùn-ún. Mi ò kúrò níbẹ̀. Ó sọ fún mi nípa ìgbà tí Bàbá àgbà mi kọ́kọ́ tan ààrò kejì, pé ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà. 71. 76. 78. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ó dúró. A dúró tì í fún wákàtí kan sí i.

79.9. Ìṣirò tèmi ní 81.4.

Appa fúnra rẹ̀ wá kà á lójú aago. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ó dáa." Ó lọ sí ọ́fíìsì. Mo mọ bàbá mi. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn, mi ò gbọ́ ọ nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí òwò.

"Ìkòkò ti jókòó," ni Nachimuthu Anna wí, ó sì dá àga padà síbi tó ti gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Karùn-ún

Ìròyìn ooru, ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo kọ 67 sínú rẹ̀ pẹ̀lú, mo sì kọ ìdí tí a fi sọ ọ́ nù. Ọ̀gá Subbarayan fọwọ́ sí i, èmi fọwọ́ sí i. Mo fi ránṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán. Ọjọ́ mẹ́rin kù.

Àwòṣe eyín gígùn ti kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lórí tábìlì mi. Mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí fáànù má baà fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá bèèrè ohun tó jẹ́, mo ń sọ fún un pé ìyarun apárí ni.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Karùn-ún

Èsì dé. Wọ́n gbà á. Ẹgbẹ̀rún méjì àpótí àkọ́kọ́, kó tó di Oṣù Kẹjọ.

Fọ́ọ̀mù kan bá a wá, wọ́n ní kí n kún un kí wọ́n tó ti ìwé náà. Ẹnjiníà wọn ti yẹ àwòrán wò dáadáa, ó rí nǹkan kan tí kò yé e. Ó fi pupa yí i ká: igun inú ìdérí, ìlà tó ká, mìlímítà mẹ́rin. Ó ní kò fara kan ohunkóhun, kò di ohunkóhun mú, ooru kò gba ibẹ̀. Níwájú rẹ̀, àyè kan ṣófo, wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: Iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ọ̀gá Subbarayan dúró lẹ́yìn mi, ó ń nu awò ojú rẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní bó bá máa fa ìdádúró, òun lè yọ ọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Mo ní kò sẹ́ni tó máa yọ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: *Ibẹ̀ ni àpótí yìí ti bẹ̀rẹ̀.* Mo fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́, mo sì jáde lọ síta. Nachimuthu Anna àtàwọn ọkùnrin mẹ́fà ti ń gbá eérú àtijọ́ kúrò nínú ààrò kejì. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé.